Orí fífọ́ àbúrò mi kò lọ, sójà ara rẹ̀ ku 86: ṣé ibà náà ni?

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. N kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 34, ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò apa sójà ara (HIV) wà lára rẹ̀. Wọ́n ka CD4 rẹ̀, ìyẹn sójà ara, 86 ni wọ́n bá. Wọ́n fún un ní ARV, oògùn tó ń dá kòkòrò náà dúró, oníhóró kan lójúmọ́, àti Septrin tó ń dènà àrùn mìíràn, kò tíì fẹnu kan ìkankan. Ó ní kò tíì wọ òun lọ́kàn pé òun ni wọ́n ń bá wí. Mi ò bá a jà sí i.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni orí tó ń fọ́ ọ. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kì í ṣe èyí tí Panadol ń gbọ́. Ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, á ní kí n pa iná yàrá. Kẹ́mísì àdúgbò ti tọ́jú ibà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹni tó mu ògì tí kò fọnu. Bí mo bá fi aṣọ nù ún, abẹ́ rẹ̀ á pọ́n, á ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó ń wúkọ́. Àná ló bì lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá wa ní kí a gbé e lọ sórí òkè fún àdúrà ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi ní ibà ni, pé oògùn ibà ayé ìsinsìnyí ni ò dáa mọ́. Ṣé kí n jẹ́ kó sinmi ná, àbí kí n mú un bẹ̀rẹ̀ ARV lálẹ́ òní? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u.

Ọmọ Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Láti 2011 ni mo ti ń lo oògùn náà, mo ti bí ọmọ méjì tí kò ní in lára. Kó gbé e mì lálẹ́ òní. "Màá bẹ̀rẹ̀ lọ́la" ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń gba oògùn. Ti orí fífọ́, ó lè jẹ́ ìrònú. Èmi náà ò rí oorun sùn fún oṣù kan gbáko nígbà tí mo gbọ́ tèmi.

Ewé Á Jẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ibà tó ti wọ eegun ni. Ẹ re ewé dógóyárò, ẹ fi efinrin sí i, ẹ sè é dáadáa, kó mu ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ti ẹnu, oyin gidi ni kí ẹ máa fi ra ahọ́n rẹ̀. Ìyá mi fi wo ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ sàn.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ìyá Àdùnní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sùn. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé irú àbúrò yín wá.

Kòkòrò apa sójà ara fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà ń pa èèyàn. Ó ń la ògiri ni. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn aláǹgbá yẹn ló ń pa èèyàn, wọ́n sì ti wà ní sàkáání wa tẹ́lẹ̀: a ń mí wọn símú, a ń jẹ wọ́n mọ́ oúnjẹ, òmíràn ti ń sùn nínú ẹ̀dọ̀fóró wa láti kékeré. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, sójà rẹ̀ sábà máa ń lé ní 500. Tí kò bá ti tó 200 mọ́, ògiri ti là nìyẹn. Ní 86, a kì í jókòó wo ohun tí ilẹ̀ ọ̀la máa mú wá.

Orí fífọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án, èébì, ojú tí ò fẹ́ rí iná: ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní kùtù hàì ọ̀la. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí gìrì bá gbé e, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí dáadáa, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé CD4 rẹ̀ jẹ́ 86, kí wọ́n bá yín ṣe àyẹ̀wò CrAg. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé kẹ́ ẹ má baà gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa gbà, èsì rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Cryptococcus ni wọ́n fi ń wá. Ẹbí ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ni. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹyẹlé ló máa ń wà. Gbogbo wa ni a ń mí in símú, sójà ara wa ló ń sé e mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró. Tí sójà bá ti fọ́nká, á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ tó bo ọpọlọ. Mo ti rí ẹni tí wọ́n tọ́jú ibà fún lẹ́ẹ̀mẹrin kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan èyí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ má bínú sí mi. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, òótọ́ lẹ sọ, ọjọ́ tí a bá rí i náà ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ARV. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́ báyìí, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú orí náà. Bí ó bá jẹ́ Cryptococcus, tí ARV sì jí àwọn sójà lójijì, ìjà tí wọ́n máa jà nínú agbárí, níbi tí kò sáyè, lè gbẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n máa ń tọ́jú orí ná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó fún un ní ARV. Torí náà, kó má gbé e mì lálẹ́ òní, kí dókítà rí i ná.

Ikọ́ yẹn náà, ẹ má fojú fo ó. Ikọ́ ife ló ń pa àwọn tó ní kòkòrò yìí jù lọ. Kí wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún GeneXpert, àyẹ̀wò ikọ́ ife. Bí kò bá rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tu, àyẹ̀wò ìtọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní LAM, ó wúlò gan-an fún ẹni tí sójà rẹ̀ kéré tó báyìí. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní ọsibítù ìjọba, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lò ó. Funfun ẹnu ni kékeré nínú gbogbo rẹ̀, oògùn rẹ̀ wà. Ẹ ṣáà bi í bóyá ọ̀fun ń dùn ún tó bá gbé oúnjẹ mì. Tó bá ń dùn ún, ó ti wọ ọ̀nà ọ̀fun nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ á yàtọ̀.

Ewé Á Jẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín. Mi ò ní kí wọ́n má lọ. Ṣé kò wá lè máa mu àgbo mọ́ ọn ni?

Apòògùn Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 10:52 alẹ́

Kó má mu ún lásìkò yìí, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò kórìíra ewé, ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi ní oògùn. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ló ń gbé tenofovir inú ARV jáde, amphotericin tí wọ́n fi ń tọ́jú Cryptococcus náà sì máa ń ni kíndìnrín lára. Ẹ wá fi àgbo tí ẹnì kankan ò mọ òṣùwọ̀n rẹ̀ lé e lórí. Tí ìtọ̀ bá dúró, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fi oyin sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan láé, ó lè sọ iṣan ọmọ náà di aláìlágbára débi tí kò ní lè mí.

Ìyá Àdùnní, ẹ bi àbúrò yín bóyá Fansidar, oògùn ibà, yún un rí, tàbí ó lé roro sí i lára. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wọn kó tó gbé Septrin mì, torí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sulfa wà nínú àwọn méjèèjì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, hóró Septrin 960 mg kan lójúmọ́ ni. Ó ń dènà òtútù àyà Pneumocystis, èyí tó máa ń jẹ́ kí èèyàn máa mí hẹlẹhẹlẹ bó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà lásán. Ó ń dènà toxoplasma tó ń kọlu ọpọlọ, ó sì ń bá wa dín ibà kù. Bí hóró rẹ̀ bá tóbi jù, ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ omi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn tó ń gbé dexamethasone mì kí wọ́n lè sanra kún un. Mo ń rí wọn lójoojúmọ́, ọmọge tó fẹ́ ṣègbéyàwó, tó fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun kún. Kò ní kòkòrò kankan lára, ṣùgbọ́n oògùn yẹn ń mú sójà tirẹ̀ náà sùn, ikọ́ ife tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré á sì dìde. Ògiri rẹ̀ ti là láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Àlàó Mushin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ ṣọ́ra o. Bí wọ́n bá ń wá àrùn orí báyìí, wọ́n máa ń fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fa omi lẹ́yìn rẹ̀! Aládùúgbò wa kan, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, kò rìn mọ́ títí ó fi kú.

Àánú Ló Gbà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Bọ̀dá Àlàó, ẹ̀mí yín ló ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fà á lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún sọ̀rọ̀.

Ọdún 2019 ni tèmi. Sójà mi jẹ́ 41. Ẹ̀yin ará, mo ń rí nǹkan kan ní méjì, ọmọ mi á dúró níwájú mi, màá rí ọmọ méjì. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí, ọjọ́ méjì ṣòfò. Nígbà tí wọ́n wá ṣe é, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí n ká orúnkún mi mọ́ àyà bí ọmọ inú oyún. Abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára ló ta mí, lẹ́yìn náà, kí n tó ka ogún, mo rí i pé ohun kan ń tú lórí mi. Bí ìgbà tí èèyàn bá tú gèlè tó le jù. Ibi tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí sí, abẹ́rẹ́ náà ń wọlé nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ohun tó ń sọ ẹlòmíràn di aláìlèrìn ni àrùn tó ti pẹ́ jù lórí kí wọ́n tó gbé e dé. Àwọn tó kù nínú ilé á wá rí abẹ́rẹ́, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ni.

Omi tó ti pọ̀ jù nínú agbárí ló ń fọ́ orí, ló ń fọ́ ojú. Fífà á fúnra rẹ̀ ìtọ́jú ni, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún un fà lọ́la, ẹ gbà fún wọn.

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:48 alẹ́

Mo ti kàwé yín gbogbo nínú mọ́tò nígbà tí a ń lọ. Aago méje ààbọ̀ la débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, CrAg fi hàn pé ó wà níbẹ̀. Dókítà ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi ló ka ohun tí mo kọ sí ìwé, ó ní "Màmá, ta ló kọ́ yín?" Bàbá wa ò fẹ́ kí wọ́n fa omi. Mo fún wọn ní fóònù, mo ní kí wọ́n ka ohun tí Àánú Ló Gbà kọ. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní "Ẹ ṣe é."

Mo di orúnkún rẹ̀ mú. Wọ́n so ọ̀pá róbà tín-ín-rín kan tó ní nọ́ńbà lára mọ́ abẹ́rẹ́ náà, omi náà ń gòkè nínú rẹ̀, ó mọ́ gaara bí omi òjò. Mo lérò pé ó máa dúró. Ó kọjá 20, ó kọjá 30, 38 ló dúró sí. Wọ́n ní kò yẹ kó ju 20 lọ. Wọ́n jẹ́ kí ó kán sínú ìgò títí ó fi walẹ̀. Kí a tó gbé e padà sí bẹ́ẹ̀dì, ó ní "Àǹtí mi, ẹ tan iná." Mo sunkún.

Wọ́n gba ìtọ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. A ń retí.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo · Ọjọ́rú, 5:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ ò dúró. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní amphotericin onílíposome (èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé). Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n fún aláìsàn ní ìwọ̀n ńlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì gbé flucytosine àti fluconazole, oògùn àrùn kan náà, mì fún ọjọ́ 14. Bí wọn ò bá ní in, ọ̀nà mìíràn wà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, fluconazole ò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀ fún ó kéré tán ọdún kan, títí sójà rẹ̀ á fi gòkè. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn: orí ò fọ́ mọ́, wọ́n dá oògùn dúró, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n tún gbé wọn padà.

Bàbá Peckham · Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán

Olúwa á bá wa fún un ní àlàáfíà. Èmi ò ní kòkòrò yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ ìnira ògiri tó là. Wọ́n gbé kíndìnrín ẹlòmíràn sí mi lára ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2016, láti ìgbà náà ni mo ti ń lo oògùn tó ń mú sójà ara mi dákẹ́, kí wọ́n má baà lé àlejò náà jáde. Láàárọ̀ àti lálẹ́, títí ayé.

Nígbà tí mo fẹ́ wá sin ìyá mi, dókítà mi ní mi ò gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, torí kòkòrò rẹ̀ wà láàyè nínú rẹ̀, wọ́n kàn rọ̀ ọ́ lágbára ni. Ẹni tí sójà rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á. Wọ́n kọ lẹ́tà fún mi tí mo fi hàn ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ sọ fún àbúrò yín náà: tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò, kó má jẹ́ kí wọ́n sáré gún un nítorí káàdì yẹ́lò (ìwé ẹ̀rí àjẹsára) kankan.

Ohun kejì, ara mi kì í gbóná bí ti yín. Oògùn tí mò ń lò máa ń bo ibà mọ́lẹ̀. Ìsìnkú yẹn gan-an ni mo ti jẹ ẹran tí kò jiná tán, ìgbẹ́ gbuuru ni, ara ò gbóná rárá, àwọn ará ilé sì ní mo ń ṣe àṣejù. Bí wọ́n bá ní ara àbúrò yín ò gbóná, ìyẹn nìkan ò tó láti fọkàn balẹ̀.

Ọmọ Ìbàràpá · Ọjọ́rú, 1:50 ọ̀sán

Òótọ́ ni, Bàbá. Tí ara bá wá gbóná fún àwọn tó wà lórí kẹ́mò (oògùn jẹjẹrẹ), kí wọ́n sáré lọ sí ọsibítù ni. Ìyá mi ní jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀: bí ó bá ti dé 38, kó wá sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. A ní tẹmómítà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Àgbà Abẹ́òkúta · Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú, ọmọ mi. Mo wà ní Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997 tí Olikoye Ransome-Kuti jáde sí gbangba pé Éèdì ló pa àbúrò òun, Fela. Àwọn kan bínú sí i. Ẹ̀gbọ́n ni, dókítà ni, ó ti ṣe mínísítà ìlera, kò fi bò. Ọ̀rẹ́ mi kan wà nílé nígbà yẹn, ikọ́ ife ń jẹ ẹ́ lọ, àwọn èèyàn rẹ̀ ní àfọ̀ṣẹ ni. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti sọ̀rọ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti gbà kí n gbé òun lọ ṣe àyẹ̀wò. Kò sí ARV tí apá mẹ̀kúnnù ká nígbà náà. Wọ́n wo ikọ́ ife rẹ̀ sàn, ó lo ọdún méjì sí i, ó rí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹ sọ fún bàbá yín pé ẹgbẹ́ wọn ló kí wọn. Kí wọ́n gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú · Ọjọ́bọ̀, 7:11 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gba àtúnṣe. Mi ò mọ ti orí yẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì wọ́n lọ́nà.

Kí n fi ohun tójú mi rí kún un. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ARV ní 2011, ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọrùn mi wú kalẹ̀, kókó-kókó bí ìṣaasùn, ara mi gbóná. Mo ní oògùn náà ló ń pa mí, mo dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ikọ́ ife tó ti sá pamọ́ ni! Àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló rí i tí wọ́n ń bá a jà. Nígbà tí àbúrò yín bá bẹ̀rẹ̀, tí nǹkan bá dà bí ẹni pé ó burú sí i, kó sáré padà lọ bá wọn, kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Apòògùn Ìlọrin · Ọjọ́bọ̀, 9:05 àárọ̀

Bí wọ́n bá rí ikọ́ ife, rifampicin inú oògùn rẹ̀ máa sọ ìtọ̀ rẹ̀ di pupa bí ọsàn. Ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n rifampicin ń jẹ agbára dolutegravir tó wà nínú ARV, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni yóò máa lo dolutegravir ní gbogbo ìgbà yẹn dípò ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́. Wọ́n máa ń gbàgbé nígbà tí iyàrá ikọ́ àti iyàrá ARV bá yàtọ̀.

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn · Ọjọ́ Àìkú, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Ikọ́ ife ò sí. Wọ́n ti fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó kẹ́yìn dúró sí 17. Septrin ti ń wọlé, mò ń lọ̀ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ti pọ́n padà, ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lánàá, ó ní ata rẹ̀ ò tó.

Ìbéèrè kan ló kù. Bàbá wa ní ẹyẹlé bí ogójì lẹ́yìn ilé, láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Àbúrò mi ló máa ń gbá abẹ́ wọn. Wọ́n gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, wọ́n fẹ́ pa gbogbo wọn lọ́la. Wọ́n ń dá ara wọn lẹ́bi.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo · Ọjọ́ Àìkú, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ bá mi bẹ Bàbá, kí wọ́n má pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tó ti mí in, ó lè jẹ́ ní ọjà, ó lè ti tó ọdún mẹ́wàá. Kí àbúrò yín ṣáà má gbá ibẹ̀ mọ́, kó má sì sún mọ́ ọn títí sójà rẹ̀ á fi gòkè. Ẹlòmíràn ni kó gbá a, kó kọ́kọ́ wọ́n omi sí i kí eruku má baà dìde, kó sì fi aṣọ bo imú.

Ìyá Àdùnní, Ìbàdàn · Ọjọ́ Àìkú, 9:50 alẹ́

Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn á máa gbá a fúnra àwọn. Ọmọ mi ti fi bírò pupa yí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ARV ká lára kàlẹ́ńdà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí òní. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ní kó yí i ká.